Oríki Tí Mo Fi Pa Bàbá Súmọ́nù Lẹ́nu Mọ́

Ẹdẹ,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Gàníyù, Àkànjí ọkọ mi,

Ṣé o jí ire? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Èmi náà wà, mo dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, àfi orúnkún tó máa ń ro mí bí òjò bá ti ṣú. Ìyẹn kọ́ ló mú mi kọ̀wé.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí ìyá tó ní fóònù méjì tún ń kọ lẹ́tà. Bí mo bá pè ọ́, akọ̀wé rẹ ni yóò gbé e, yóò ní, "Màmá, wọ́n wà nípàdé." Bó bá sì jẹ́ ìwọ gan-an lo gbé e, ẹnu rẹ dùn ju tèmi lọ. Kí n tó sọ gbólóhùn kan tán, wàá ti ní, "Ìyá mi àtàtà, ìyá mi ọ̀wọ́n," màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ á sì ti bọ́ lọ. O ò lè dá lẹ́tà lẹ́nu. Jókòó, kó o kà á tán. Má gbé e fún akọ̀wé.

Ojú ń tì mí, Àkànjí. Mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀, kó o má baà rò pé ìbínú ni mo fi ń kọ̀wé. Ìbínú wà níbẹ̀ díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú ló pọ̀ jù.

O rántí ìpàdé tí ẹ ṣe nínú gbọ̀ngàn ìlú níbí, nígbà tí ìwọ àti àwọn kọmíṣọ́nnà ẹgbẹ́ rẹ wá jíhìn fún ará ìlú, tí wọ́n ní kí oníkálukú béèrè ohun tó bá fẹ́ béèrè lórí owó ìjọba àti bí ẹ ṣe ń ná an. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n búra fún ọ gẹ́gẹ́ bíi kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná. Inú mi dùn, kò ṣeé fẹnu sọ. Èmi àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa la wà ní ìjókòó iwájú, gèlè mi ga débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn mi ń na ọrùn kó tó ríran.

Bàbá kan dìde láti ẹ̀yìn pátápátá. Bàbá Súmọ́nù ni wọ́n ń pè wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n, Abà Ayédùn tó wà lẹ́yìn Alájùé ni wọ́n ti wá. O ò mọ̀ wọ́n, èmi náà ò mọ̀ wọ́n nígbà yẹn. Wọ́n gba makirofóònù, wọ́n kí gbogbo yín bó ti yẹ, wọ́n wá ní, "Kọmíṣọ́nnà, mo gbọ́ yín lórí rédíò tí ẹ ní ìjọba ti gbé owó nọ́ọ̀sì àti owó oògùn jáde fún ilé ìwòsàn abà wa. A dúpẹ́. Ilé náà wà, ẹ ti kùn ún, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. A ò rí nọ́ọ̀sì, a ò rí oògùn. Ibo lowó ọ̀hún wà?"

Mo wo ojú rẹ. Èmi tí mo bí ọ, mo mọ ojú yẹn. O rẹ́rìn-ín músẹ́, o ká etí agbádá rẹ sí èjìká, o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òyìnbó. Bí mo bá ní òyìnbó ọjọ́ náà yé mi, irọ́ ni mo pa. Bàbá dúró, wọ́n ń retí ẹ. Nígbà tó o ṣe tán, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ ọ́ lédè wa." Ìgbà náà ni òógùn yọ níwájú orí rẹ.

Kí ni mo wá ṣe? Mo fò dìde. Mo fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́hun fún mi ké e: "Àkànjí ọkọ mi! Ọmọ ọlọ́lá tí í rìn kílẹ̀ ó mì! Ọmọ a-fọhùn-kí-ìjà-ó-parí!" Àwọn ẹgbẹ́ mi gbè é. Àtẹ́wọ́ sọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń hó yèè. Wọ́n bá gba makirofóònù lọ́wọ́ bàbá, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ni. Bàbá jókòó. Ìwọ nu ojú rẹ, ìpàdé sì ń bá a lọ. Nígbà tó parí, o wá dì mọ́ mi, o ní, "Màmá, ẹ mà gbà mí sílẹ̀ o!" Mo sì yọ̀. Àní mo yọ̀, Àkànjí! Mo délé, mo ṣì ń yọ̀.

Ìwà yẹn ò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó o wà ní kékeré, bó o bá sá nílé kéú lọ gbá bọ́ọ̀lù, tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n, bá pè ọ́ pé, "Níbo lo lọ?", kó o tó yanu, màá ti bọ́ sáàárín: "Àkànjí, ọmọ rere, ọkọ mi!" Màá kì ọ́, màá kì ọ́, títí ojú bàbá rẹ á fi rọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àlímọ́tù, ọmọ ni mo bi léèrè, ìwọ lò ń dáhùn. Lọ́jọ́ tó ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?" Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkùnrin ò mọ bí ọmọ ṣe ń dunni. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè, kó o dúró kí ariwo wá gbà ọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo fọwọ́ ara mi tì í tó fi wọ́.

Oríki dára o, má ṣì mí gbọ́. Oríki la fi ń jí ọmọ láàárọ̀, òun la fi ń rọ ọmọ nígbà tí ara rẹ̀ ò bá yá. Kò sí ẹni tó bí wa tó ní ká máa fi dí ìbéèrè lójú.

Àwọn ará Sẹ̀kọ̀nà, níbi tí mo ti ń ta sìmẹ́ǹtì, ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ṣe. O mọ̀ wọ́n, ẹnu wọn ò dákẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìpàdé náà, birikilà kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Alhaja, èló ni báàgì sìmẹ́ǹtì báyìí?" Kí n tó la ẹnu, Ìyá Elépo tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi ti pariwo láti òdìkejì títì: "Birikilà, rọra béèrè o! Bó o bá bi Alhaja ní iye nǹkan, oríki lo máa gbọ́!" Háà! Gbogbo ìkóríta bú sẹ́rìn-ín. Birikilà di ìhà mú, ó ní, "Àkànjí ọkọ mi!" Àwọn ọlọ́kadà gbà á lẹ́nu ẹ̀, wọ́n ń ké e bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó lé báàgì sìmẹ́ǹtì, mo fi ìborùn bojú, mo sunkún. Mo ti ń tajà ní Sẹ̀kọ̀nà kí wọ́n tó bí ìdajì àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹnìkan ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí pé mi ò ní ojúlówó ìdáhùn lẹ́nu.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Abà Ayédùn. Ọ̀nà yẹn, Àkànjí! Orúnkún mi ló ń sọ ọ́ fún mi dòní. Mo kọ́kọ́ rí ilé ìwòsàn náà. Ó dára lójú, ọ̀dà ara ẹ̀ ń dán, wọ́n kọ orúkọ ìjọba gàdàgbà sára ògiri. Ewúrẹ́ ló sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgádágodo ti dípẹtà.

Mo bá Bàbá Súmọ́nù nídìí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n dìde wúyá, wọ́n ní, "Alhaja, ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi." Mo ní mi ò dìde, àfi bí wọ́n bá dárí jì mí. Wọ́n ní, "Ọmọ yín ni, ẹ sì láṣẹ láti kì í. Ohun tó dùn mí ò ju pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, wọ́n sì ń jó lé e lórí." Wọ́n wá sọ fún mi pé nígbà òjò èṣí, ìyàwó ọmọ wọn ń rọbí, wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà, ó di Ẹdẹ. Ẹrẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n dé ibì kankan. Ẹ̀bá ọ̀nà ló bí i sí. Ọmọ náà ò ké.

Ibi tí mo ti ń nu ojú ni ọmọbìnrin wọn, Sìdí, ti gbé omi jáde wá fún mi. Òun náà ti wálé wá bímọ, ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó rọra kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà." Ó wá wo ojú mi, ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀, ó ní, "Ṣé nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀ ni?" Ó rò pé ìyá kọmíṣọ́nnà ò ní wá sí abà àwọn lásán, ó ní láti jẹ́ pé ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá.

Gàníyù! Omi tó gbé fún mi, mi ò lè mu ún. Èmi Àlímọ́tù tí ohùn mi gba gbogbo gbọ̀ngàn, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ fún ọmọ tó lóyún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìmọ̀ràn yìí. Fara balẹ̀ gbọ́.

Èkíní, jẹ́ kí ẹni tó ń béèrè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, kó o sì dá a lóhùn ní èdè tó fi béèrè. Ẹni tó fi Yorùbá bi ọ́, tó o fi òyìnbó dá lóhùn, o ò dá a lóhùn, ńṣe lo lé e. Mo mọ iye sìmẹ́ǹtì tí mo gbé kó o tó kàwé. Mi ò rán ọ nílé ìwé kó o lè fi ìwé sá fún bàbá àgbẹ̀.

Èkejì, "mi ò mọ̀" kì í pa èèyàn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò páànù, bàbá tíṣà kan bi mí bóyá èyí tí mo ń tà nípọn tó. Mi ò mọ̀. Ojú ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀, kí wọ́n má baà pè mí lọ́mọdé nínú òwò. Mo ní, "Ó nípọn dáadáa, ẹ má mikàn." Òjò àkọ́rọ̀ dé, ìjì ká a kúrò lórí ilé bí ewé. Bàbá náà padà wá, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn ni?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Ohun tó yẹ kó o sọ fún mi nìyẹn." Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Látìgbà náà, ohun tí mi ò bá mọ̀, màá ní kí oníbàárà dúró, màá lọ béèrè, màá padà wá. Ìwọ náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó le níbẹ̀ ni kó o padà wá lóòótọ́.

Ẹ̀kẹta. Bó bá ṣe pé ẹ ti ná owó yẹn sí nǹkan mìíràn, sọ ọ́. Ọlọ́jà ni mí, mo mọ̀ pé owó a máa ṣípò. Owó ọkọ̀ a máa di owó oògùn, owó ọjà a máa di owó ilé ìwé. Bí a bá ti fi owó aṣọ ra iṣu, ká sọ fún ẹni tó ń retí aṣọ pé iṣu la rà. Ó lè bínú, ṣùgbọ́n kò ní máa jókòó dè wá níhòòhò.

Èyí tó kàn yìí wúwo lẹ́nu mi. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan tí mi ò bi ọ́ rí láyé mi, torí pé mo máa ń bá ọ dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè tán ni. Ṣé ọwọ́ rẹ mọ́? Mi ò ní o jalè. Mo ní ṣé ọwọ́ rẹ mọ́. Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, má jẹ́ kó dùn ọ́ pé mo béèrè. Bí kò bá mọ́, máa bọ̀ nílé, wá sọ ọ́ fún mi kó tó di pé ayé gbọ́. Màá sunkún, màá bá ọ wí, màá sì tẹ̀ lé ọ lọ síbi tó yẹ kó o ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní kì ọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, mi ò sì fẹ́ kó bá ọ lójú ọ̀nà níbi tí mi ò sí.

Má sì pe ẹni tó ń béèrè ní ọ̀tá. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ ń sọ kiri pé ẹgbẹ́ alátakò ló rán Bàbá Súmọ́nù. Ta ló rán wọn? Oyún Sìdí ló rán wọn! Ẹni tó ń béèrè ohun ìní rẹ̀ kì í ṣe alágbe. Owó ìlú ni, kì í ṣe ogún bàbá rẹ. Ohun tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ ò ju orúkọ rere àti ilẹ̀ oko lọ.

Má gbọ́kàn lé àtẹ́wọ́ náà. Àwa tí à ń pa á yẹn, ìfẹ́ lè mú wa pa á, ebi lè mú wa pa á. Bí kọmíṣọ́nnà mìíràn bá dé lọ́la, a ó pa á fún òun náà. Ṣé o rí obìnrin tó ń gbe oríki rẹ jù lọ lọ́jọ́ náà, èyí tó jókòó lápá ọ̀tún mi? Bí a ṣe ń jáde ló bi mí pé kí ni bàbá yẹn tiẹ̀ ń sọ. Kò gbọ́! Àtẹ́wọ́ ló kàn ń pa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, màá sì fi ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé rẹ pè mí lánàá. Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, o máa dúró níwájú àwọn aṣòfin ní Òṣogbo, wọ́n á bi ọ́ bí owó ìlú ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde, ọ̀rọ̀ àwọn ilé ìwòsàn abà sì wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n á rán bọ́ọ̀sì wá gbé èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi, ká wá jókòó sí òkè níbi tí àwọn òǹwòran máa ń jókòó, ká wá "fún kọmíṣọ́nnà ní ìṣírí." Mo mọ irú ìṣírí tó ń wí.

Mo ní kí bọ́ọ̀sì máa bọ̀. Mo sì ti bá àwọn ẹgbẹ́ mi sọ ọ́: ilé ni wọ́n máa wà. Abà Ayédùn ni bọ́ọ̀sì yẹn ń lọ. Bàbá Súmọ́nù ló máa jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, kí gegele ọ̀nà má baà gbọ̀n wọ́n jù. Ìyàwó ọmọ wọn tó bímọ sẹ́bàá ọ̀nà ní òun náà ń bọ̀. Sìdí fẹ́ wá, mo ní rárá. Ó ti wà lọ́dọ̀ mi níbí, nítòsí ibi tí nọ́ọ̀sì wà. Yàrá rẹ ni mo fún un. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ló ṣófo nílé mi, Àkànjí, aboyún abà yẹn sì ju ẹyọ kan lọ.

Mo mọ̀ pé inú lè bí ọ. Wọ́n á ní ìyá rẹ ló kó ènìyàn wá dójú tì ọ́. Jẹ́ kí wọ́n wí. Àdúà mi ò yẹ̀ lórí rẹ, láàárọ̀ àti lálẹ́, Ọlọ́hun á fún ọ ní àlùbáríkà, á fún ọ ní ọkàn tí kì í sá. Nígbà tí wọ́n bá bi ọ́, gbójú sókè, wàá rí wa. Bó o bá sọ òtítọ́, bó ti wù kó korò, màá jókòó jẹ́ẹ́, màá sì dúpẹ́ fún ẹni tó fún mi lọ́mọ. Bó o bá tún fi òyìnbó yí i po, wọ́n ní àwọn tó wà lókè ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀. Màá nawọ́ bí ọmọ ilé ìwé, màá sì nà án sókè bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi wá fà mí jáde, kí gbogbo ilé ìgbìmọ̀ lè rí i pé ìyá kọmíṣọ́nnà náà ní ìbéèrè.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Àlímọ́tù.